Igbá Máte Tí Rosaura Mu Gbẹ

Èmi nìkan ni mo rí i. Gbogbo Paysandú, ìlú wa, ló lajú sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kódà ẹja inú odò Uruguay ò sùn, àmọ́ ojú tèmi nìkan ló rí i: Rosaura, àbúrò mi, gba igbá máte, omi ewé gbígbóná tó ń lé oorun tá a máa ń mu nílẹ̀ wa, lọ́wọ́ Bàbá wa, ó sì mu ún gbẹ.

Ẹ lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹ dúró ná.

Àìsàn èrò tí kì í jẹ́ kéèyàn sinmi ló ń ṣe Rosaura. Ọpọlọ ẹ̀ á sọ fún un pé ọwọ́ ẹ̀ dọ̀tí, á fọ̀ ọ́. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, ọpọlọ á ní kò tíì mọ́. Mo búra, ọṣẹ tọ́mọ yẹn ti lò tó fọ gbogbo màlúù ilẹ̀ wa, á sì ṣẹ́ kù fún ti Argentina. Ọwọ́ ẹ̀ á bó, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á tún máa fọ̀ ọ́. Ti máte ló wá burú jù. Nílé wa, igbá kan náà, ọ̀pá irin oníhò kan náà ni gbogbo ẹnu fi ń fà á. Ọpọlọ ẹ̀ ní tẹ́nu ẹ̀ bá fi lè kan ọ̀pá yẹn, àrùn á tibẹ̀ wọ Bàbá lára, Bàbá á sì kú.

Kò lè sọ ọ́ fún Bàbá. Bàbá, tí àtọ̀gbẹ ti gba ojú lọ́wọ́ ẹ̀, wá rò pé òun ń rí ọmọ òun lára ni. Ta ló gba ilé là? Èmi náà ni! Tí Bàbá bá ti na igbá sí Rosaura, màá yọ́ gbà á, màá mu ún lórúkọ ẹ̀. Mo mu máte èèyàn méjì títí, oorun kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ fún mi. Àfi lọ́jọ́ kan tí Bàbá rẹ́rìn-ín: "Yamandú, àbúrò ẹ kì í fà á bí ẹlẹ́dẹ̀."

Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

Àǹtí Delmira, àbúrò Bàbá, gbàdúrà sí Rosaura lórí, ó se ewé fún un mu, ó tiẹ̀ ní ká dè é lọ́wọ́. Àìsàn ò gbọ́. La bá mú un lọ bá Dókítà Bentancor, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tójú ẹ̀ le ju ti sójà lọ. Ó fún un lóògùn oníhóró, ó ní kò ní tètè ṣiṣẹ́, kó má jáwọ́. Ó ní oògùn kejì ò sí nínú ìgò:

"Ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù yẹn, dì í mú. Tó o bá dì í mú tán, má lọ sídìí omi. Jókòó ti ẹ̀rù yẹn títí táá fi rọlẹ̀ fúnra ẹ̀."

Ló bá kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ lò ń bá a mu máte?"

"Èmi ni o! Kò sẹ́ni tó lè mu ún tó mi láyé."

"Jáwọ́ ńbẹ̀. Àìsàn ẹ̀ lò ń bọ́. Tó bá sì ń bi ẹ́ pé ṣé òun ò ṣe báyìí, ṣé òun ò ṣe bọ́hùn-ún, má dá a lóhùn. Ìdáhùn ẹ, ọṣẹ míì ni."

Díẹ̀díẹ̀ ni Rosaura bẹ̀rẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó di ọ̀pá máte mú, ó ń sunkún. Odò kún lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní òjò ni. Irọ́ ni, Rosaura ni.

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí kíndìnrín Bàbá fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn ní ká máa gbé e lọ sílé, kò sóhun tó kù. Rosaura di aṣọ mi mú.

"Yama, mo gbọ́dọ̀ mu ún kó tó lọ. Kó má gbé e lọ sọ́run pé òun ń rí mi lára."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwa mẹ́ta jókòó síta, a kọjú sódò. Bàbá bu omi gbígbóná sí máte, ó na igbá.

"Rosaura, ṣé wàá mu, àbí kí n gbé e fún agbẹnumu ẹ?"

Rosaura nawọ́. Ó gbà á! Ayọ̀ òun ẹ̀rù mú kó gbàgbé ara ẹ̀, ló bá ní:

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Yéè! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dúpẹ́ nídìí máte ti ní ó tó òun nìyẹn, kí wọ́n má bù fóun mọ́. Bàbá dé fúláàsì pa.

"Ó dáa, ọmọ mi," ló wí, ó yíjú sódò.

Ìgbà yẹn gan-an ni Rosaura gbẹ́nu lé ọ̀pá. Ó fà á, ó fà á, títí ìsàlẹ̀ igbá fi bú bíi kìnnìún. Kò nu ẹnu. Kò wo ọ̀nà ibi tí omi wà.

"Bàbá, Rosaura ló mu ún!" Mo pariwo débi pé wọ́n gbọ́ mi ní Montevideo, olú ìlú wa.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Yamandú, Yamandú. O tún ti fà á bí ẹlẹ́dẹ̀."

"Bàbá, èmi ni," Rosaura wí. "Ẹ tún bù fún mi."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Má dara ẹ láàmú. Mi ò bínú sí ẹ."

Ẹ ò gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ó ní ó rẹ òun. A gbé e wọlé. Kò tún jáde mọ́, àfi nínú pósí.

Níbi ìsìnkú, Àǹtí Delmira ń sọ ọ́ kiri: "Ọmọ tí ò lè bá bàbá ẹ̀ mu máte kan ṣoṣo!" Mo búra fún wọn pé ó mu ún. Wọ́n wo ara wọn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Yamandú? Èyí tó ní òun bá ẹja jìjàkadì?"

Mo bá ẹja náà jà, mo sì dá a. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.

Rosaura ṣì ń lo oògùn ẹ̀, ó ṣì ń lọ bá Dókítà Bentancor. Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn gbọ́n ju ọ̀bọ lọ. Ó kọ́kọ́ sọ fún un pé ìwọ lo pa Bàbá. Nígbà tí ìyẹn ò mú un tán, ó yí ohùn padà: o ò tiẹ̀ mu ún rárá, Yamandú ló mu ún. Lánàá mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi, ọṣẹ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

"Yama, jọ̀ọ́. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Ṣé mo mu ún lóòótọ́?"

Ìdáhùn kún mi lẹ́nu bí omi gbígbóná. Èmi tẹ́nu mi ò tíì padé látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo pa á dé. Mo jókòó tì í, mo ń wo omi tó ń ṣàn.

Mi ò lè sọ fún un, ìdáhùn mi, ọṣẹ míì ni. Ẹ̀yin ni mò ń sọ fún. Igbá yẹn gbẹ. Ẹnu Rosaura ló gbẹ ẹ́, kì í ṣe tèmi. Ẹ fi odò tó kún dù mí, ẹ fi ẹja dù mí, ẹ ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ eléyìí, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́!