Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbóná Sílẹ̀

Bí èèyàn bá ti wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí tí irùngbọ̀n ọ̀hún fi funfun, kò sí ohun tó ní táyà láyé yìí tí kò ní rò pé òun mọ̀ ọ́n. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àgbà Títì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé bá ń han ní ojúlé kẹta, á jáde lọ sọ ohun tó ń ṣe é, á sì ti sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ tó wà lábúlé orí òkè, níbi tí mọ́tò kì í dé. Alùpùpù kékeré tí ilé ìwòsàn fún un ti kú sẹ́nu iṣẹ́, wọn kò sì ní òmíràn. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé bó bá lè gbé alùpùpù tirẹ̀ wá kí Sátidé tó ṣú, ọ̀nà òkè ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá rí i gbé wá, òun á fún ẹlòmíràn, kí nọ́ọ̀sì wá máa jókòó ní yàrá tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ní káàdì. Nọ́ọ̀sì yìí fẹ́ràn ọ̀nà òkè ju oúnjẹ lọ. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń gún lábẹ́rẹ́, ó mọ èyí tó máa sunkún àti èyí tó máa di ojú pa bí ẹni pé kò sí nílé. Ìdí nìyẹn tó fi kó gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́ jọ, tó ní òun á ra ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù ńlá tí wọ́n fi ń rin ìrìn-àjò jíjìn: èyí tó ga, tó lágbára, tí àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ẹrẹ̀ àti òkúta kì í bà lẹ́rù. Tuntun kọjá agbára rẹ̀. Àlòkù ló ń wá, ó sì ti rí méjì tó fẹ́ yàn nínú wọn.

Ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti ń gun alùpùpù. Bàbá rẹ̀ kò gùn ún rí, àfi kó jókòó sẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tó ní òun fẹ́ lọ wo méjèèjì, Àgbà Títì ti ń wá bàtà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó ní wọn kì í rán ọmọ lọ ra ẹ́ńjìnnì, torí ọ̀dà ni wọ́n máa tà fún un. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́, àti pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, ẹ ṣé, Bàbá mi.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo gbogbo ìsọ̀ rẹ̀, àti alùpùpù tó fẹ́ tà pàápàá. Aláwọ̀ eérú ni, ara rẹ̀ ti họ, ìjókòó rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi awọ mìíràn lẹ̀ ẹ́. Káfíńtà jáde wá pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí. Ó kí Àgbà Títì bó ṣe yẹ kí wọ́n kí àgbà, ó sì béèrè ta ló máa gùn ún. Nígbà tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó bùṣe. Ó sọ fún un pé alùpùpù náà ti ṣubú rí, ó fi ibi tó ti fi ara gbo ilẹ̀ hàn án. Ó ní táyà iwájú kò ní pẹ́ mọ́. Ó ní kó fúnra rẹ̀ tan án, pé òun kò fọwọ́ kàn án láti àná, kó lè gbọ́ bó ṣe ń jí láti ojú oorun. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde.

Àgbà Títì dúró síbẹ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa ọ́ìlì, káfíńtà dá a lóhùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń wò bó ṣe ń dáhùn. Ó tún béèrè òmíràn, bákan náà ni. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, alùpùpù kọ́ ló bí i nínú. Ẹni tí kò kọjú sí i ló bí i nínú, àmọ́ èèyàn kì í lè sọ irú ìyẹn síta, torí náà orí alùpùpù ló gbé ẹ̀bi lé. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ó ní àgbákò ọjà ni. Ó ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà òun ti ṣubú rí, mélòó ni èyí tí kò sọ?

Ọmọ rẹ̀ ní ó dà bíi pé ọkùnrin náà ń sọ òótọ́. Bàbá ní òótọ́ kì í gun òkè.

Ẹnì kejì, oníṣòwò táìlì ni, ẹnu rẹ̀ sì ń dán ju táìlì lọ. Bó ṣe rí wọn lókèèrè ló ti sáré pàdé wọn. Ó di Àgbà Títì mú ní ìgbọ̀nwọ́, ó gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní irú wọn gan-an ni òun ń wá, kí wọ́n wá sọ fún òun bóyá òun mọ nǹkan kan. Àgbà Títì gbọ́ èyí, èjìká rẹ̀ gòkè. Alùpùpù náà pupa, ó ń kọ mọ̀nà níwájú ìsọ̀, wọ́n ti fi nǹkan pa táyà rẹ̀ pàápàá títí ó fi dúdú kirikiri.

Nọ́ọ̀sì kò wo ọ̀dà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó wo onítáìlì, ó sì wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ó ti gbóná."

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ń ra alùpùpù àlòkù, ní òtútù ló máa ń fẹ́ bá a, torí ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ, bí wọ́n bá ti fi tipátipá jí i tí wọ́n sì mú un gbóná sílẹ̀, á dìde wuu lójú oníbàárà. Ṣùgbọ́n ní ọgbà àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, awakọ̀ gidi ló máa ń tètè dé, á tan ọkọ̀ sílẹ̀, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún inú búrẹ́kì, kí ọkọ̀ ti wà ní sẹpẹ́ kí ọ̀gá tó dé. Ọ̀lẹ ni ọ̀gá ń bá ẹ́ńjìnnì tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Àgbà Títì ti dáyé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni àmì ọmọlúwàbí.

"Mo rí i pé ó gbóná," ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́. "Ó ti ń dúró dè wá. Ẹni tó mọyì oníbàárà nìyẹn. Èyí la mú, ọ̀rọ̀ ti parí."

Onítáìlì ní àgbà ti sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì rọra béèrè bóyá wọ́n lè jókòó díẹ̀ ná, kí wọ́n tún un wò tó bá ti sinmi. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sọ fún onítáìlì pé bí àwọn ọmọ òde òní ṣe rí nìyẹn, wọ́n á bi fóònù kí wọ́n tó sín. Ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé èèyàn kì í fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀rín níwájú àlejò. Lẹ́yìn náà ló sanwó.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀hún ni, torí náà wọ́n gba ọ̀nà òkè tó lọ sí ilé ìwòsàn tààrà, kí ọ̀gá lè rí alùpùpù náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń sáré dáadáa. Àgbà Títì wà lẹ́yìn pẹ̀lú akoto lórí, ó ń pariwo sí ọmọ rẹ̀ létí pé ṣé ó gbọ́ bó ṣe ń dún, pé ṣé ó rántí ti káfíńtà tó ń wúkọ́. Wọn kò tíì dé ìdajì òkè tí òjò fi dé. Wọ́n yà sí abẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì dúró títí òjò fi dá.

Ìgbà tí òjò dá, ẹ́ńjìnnì ti tutù. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì, ó kérora, kò dìde. Ó tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni. Àgbà Títì ní kó sún un, kó fún un ní epo díẹ̀, kó má fún un lépo rárá, kó sọ̀ kalẹ̀ kí òun tì í. Ó tì í títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó jókòó lé ìdí pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé e dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó pe onítáìlì. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Ibẹ̀ ló ti yé Àgbà Títì. Ó gbọ́ ọ tún, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ọmọ náà fi sọ ọ́: ó ti gbóná. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń yin alùpùpù. Ó ń kìlọ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì bọ́ síwájú díẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Bóyá ó rò pé bàbá òun kò gbọ́, ṣùgbọ́n orí òkè kò ní ariwo, gbogbo rẹ̀ ló dé etí rẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní alùpùpù ti kọṣẹ́ lọ́nà, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun láyè di Mọ́ńdè. Ọ̀gá béèrè nǹkan kan.

"Rárá, mà," ó dáhùn. "Èmi ni mo yàn án. Ojú ló tàn mí jẹ. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀."

Ìtìjú bo Àgbà Títì láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti rí ìtìjú rí, ó ti fi ọkọ̀ wọ kòtò rí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n omi lásán ni ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ọmọ tó bí ń fi ara bò ó bí ẹni ń fi aṣọ bo arúgbó tó tú sí ìhòòhò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun wà lọ́jà, ọwọ́ òun gan-an ni orí ọmọ sì wọ́ sí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá sábẹ́ àtíbàbà, bàbá kò lè wò ó lójú.

"Ṣé o mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

"Kí ló dé tí o ò wí fún mi kedere?"

Ọmọ náà ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dun bàbá rẹ̀.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán ni," ó wí.

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò ti rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì gún bàbá lọ́kàn. Ó rántí ìyá ọmọ náà, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí á sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Ó rántí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, tó jẹ́ ìkíni nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà wọ̀nyí ló ti ń pe ìdákẹ́jẹ́ wọn ní ilé tó tòrò.

Ó na ọwọ́, ó gba fóònù, ó pe ọ̀gá náà padà. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́. "Èmi ni mo yàn án," ó wí. "Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Ẹ má fìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́." Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ti pe ẹlòmíràn ní kété tí ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀, ẹni náà sì ti gbà á. Àwọn ọmọ orí òkè kò lè máa dúró de alùpùpù. Àgbà Títì ní ó yé òun. Ó ń tẹrí ba fún fóònù bí ẹni pé obìnrin náà ń wò ó.

"Wọ́n ti fún ẹlòmíràn," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó mú ìdí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ kúrò lára àpótí tó yẹ kó máa gbé abẹ́rẹ́ sí, ó sì nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá rẹ̀ dúró, kò mọ ibi tí á kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí.

"Kí la máa ṣe báyìí, Bàbá mi?" ó béèrè nígbà tó nù ún tán.

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu Àgbà Títì kó tó béèrè. Kí wọ́n yí i sọ̀ kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ onítáìlì, kí òun lọ fi ojú olè hàn án. Ó ti la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ìwọ sọ," ó wí.

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni tí wọ́n ń dẹ pàkúté fún. "Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ. Mo ń gbọ́."

Ó jókòó sórí òkúta tútù kan, ó ń dúró. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Tí kò bá ní bí yín nínú," ó sì dákẹ́ láàárín rẹ̀, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá kí òun máa bá a lọ. Obìnrin tó ń gun òkè nínú òjò láìbẹ̀rù nìyẹn. Àgbà Títì rọra yí ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, kó má baà sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ọmọ náà á rí kà, tí á fi tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.