Prince ará London

Ohun tí ẹ ti ń fura sí tipẹ́ náà, òótọ́ ni: kò sí ọkùnrin Yorùbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Bronx tí kì í ṣe Prince. Ẹ wọ ilé ìjọsìn wọn ní Tremont lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ pe "Prince!" láti ẹnu ọ̀nà. Ìdajì ìjọ ló máa bojú wẹ̀yìn. Ìdajì tó kù, olorì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ti Lazarus Adétóyìn kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ń kọ Prince sórí ìwé ìpè ìnáwó, ó parí síbẹ̀. Ti Lazarus ti wọ inú egungun. Láti ọjọ́ tí Onítẹ̀dó ti Ìtẹ̀dó-Òkè, ìlú bàbá rẹ̀, ti wàjà, tí àyè sì ṣófo lórí ìtẹ́, Lazarus kò jẹun lójú èèyàn mọ́, nítorí ọba kì í jẹun lójú èèyàn. Bí wọ́n bá pín ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn, yóò wé tirẹ̀ sínú fóìlì, yóò gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní Highbridge, òórùn ata á sì máa ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

"Kábíyèsí," ni Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń wí fún un, "ẹ má gbàgbé láti tẹ bẹ́ẹ̀lì o, kí bọ́ọ̀sì má gbé yín kọjá ààfin."

Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ náà kò sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé Oyèkúnlé, tí àwọn náà ń dupò, ti sọ fún àwọn afọbajẹ pé kò sí adé nílé Adétóyìn rí. Wọ́n ní bàbá àgbà Lazarus ló dédé fi Adé ṣáájú orúkọ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe akọ̀wé kóòtù fún òyìnbó. Ẹni tó sì ń pariwo rẹ̀ jù kò gbé nílé. Francis Oyèkúnlé ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìtẹ̀dó ní New York, tó ń gbé ní Morris Heights nítòsí Highbridge. Prince lòun náà, ẹ ti mọ̀.

Olóyè Ọ̀tún, olórí àwọn afọbajẹ, dájọ́: kí Lazarus mú ẹ̀rí wá pé wọ́n ti ń pe ẹnìkan nínú ìran rẹ̀ ní ọmọ ọba kí òyìnbó tó dé ìlú wọn. Kì í ṣe ẹ̀rí ẹnu. Ìwé ni, èyí tí yunifásítì tẹ̀. Bí ẹ̀rí bá dé, orúkọ Lazarus á wọ lísítì àwọn tó ń dupò. Bí kò bá dé, ilé Adétóyìn kò tún ní la ẹnu sọ̀rọ̀ oyè mọ́ láéláé.

Ibi tí ẹlòmíràn kò ní wò ni Lazarus ti rí ẹ̀rí tirẹ̀: orí tábìlì ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá ọ̀nà. Àkójọ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan ni, tó ń jáde ní London ní nǹkan bí àádọ́talénígba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹnìkan tún wá tẹ̀ láyé àwọn bàbá àgbà wa láìṣàlàyé ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ lédè wa, Apàtùpà ni, nítorí ohun tí àwọn ọlọ́lá ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa àtùpà ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀fẹ̀ ni láti èèpo dé èèpo. Wọ́n fi mínísítà ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n fi obìnrin tó to irun oníirun sórí bí ilé alájà ṣẹ̀fẹ̀. Lazarus kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹni tó fẹ́ jọba kì í wá ẹ̀rín nínú ìwé. Ohun tó dá a dúró ni àwọn lẹ́tà kan láàárín ìwé náà, tí ẹnìkan fọwọ́ sí pé Prince.

"Ojú mi kò tíì là dáadáa," ni Prince kọ, "tí wọ́n fi já mi gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Èmi àti àwọn tí a jọ bí, a kò tún fojú kan ara wa mọ́. Wọ́n tà mí fún ọ̀gá mi, ó fi ẹ̀gbà ọrùn fàdákà sí mi lọ́rùn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo dúdú ju gbogbo ará ilé lọ. Bí àlejò bá dé, wọn á ní kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ju ẹran sí mi. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwa tí à ń jẹun ọ̀gá mi, èmi nìkan ni kì í purọ́ fún un."

Omi bọ́ lójú Lazarus. Ẹ má fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ sọ́rùn àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní London nígbà náà lóòótọ́, kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n omi ojú náà kò tíì gbẹ tó fi dé orí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "Àwọn baba mi ni wọ́n máa ń ṣáájú ọba lọ sínú igbó."

Ó fò dìde. Ní Ìtẹ̀dó-Òkè, ìdílé tó ń ṣáájú ọba wọ igbó lọ́jọ́ ọdún ọdẹ, ilé Adétóyìn ni! Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni àti ta ni tún ń ṣáájú ọba wọ igbó ní gbogbo ayé. Ó ti rí èèyàn rẹ̀.

Ó ku kí yunifásítì fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ní Manhattan, Susan lorúkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tuntun Apàtùpà láti ọjọ́ pípẹ́. Irú ẹ̀dà àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀, ìlà ọ̀rọ̀ kan lókè ojú ewé, ogún ìlà àlàyé nísàlẹ̀. Bí àwàdà bá bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọn á ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi kú. Ohun tí Lazarus ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó kọ̀wé sí Susan pé kó jọ̀wọ́ sọ ẹni tí Prince jẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Susan dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé inú òun dùn láti gbọ́ pé ẹnìkan ń ka Apàtùpà ní Bronx. Pé àtẹ̀jáde kan tó sọnù nínú ẹ̀dà àtijọ́ ti wá jáde, àwọn sì ti mọ ẹni tí Prince jẹ́ láìsí iyèméjì. Ó wà nínú àlàyé.

Láìsí iyèméjì! Lazarus tẹ lẹ́tà náà síta, ó fi í sínú férémù. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àjọ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó, níbi tó ti jẹ́ máníjà. Ó sọ fún onílé pé òun kò ní san rẹ́ǹtì tuntun. Àrìnkẹ́ kò bá a ṣàwàdà mọ́. Ó kàn ń wò ó. Lazarus sì ní kí Ọ̀tún kó àwọn afọbajẹ jọ sórí fóònù ní Sátidé tí ìwé náà máa jáde. Ọ̀tún gbà. Ó ní ọjọ́ náà ni gbèdéke, nítorí lísítì ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Lọ́sàn-án Sátidé, fóònù wà láàárín tábìlì ní pálọ̀, ohùn àwọn àgbà ń jáde nínú rẹ̀. Francis jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, ó dé fìlà. Lazarus dé méjì: ìkan lórí, ìkan lọ́wọ́. Ìníọlá ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí ní Bronx, tó sì kàwé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní yunifásítì, ló lọ ra ìwé náà ní Manhattan. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn ni Lazarus ń dìde.

Nígbà tí Ìníọlá wọlé, ìwé náà ṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi ìka sáàárín rẹ̀. Ó ti kà á nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì."

"Ọ̀rọ̀ wo? O ò rí i pé àwọn àgbà wà lórí fóònù?"

"Ìṣẹ́jú kan ni, Dádì."

"Ọba kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ní kíṣì—"

"Bọ̀dá Lazarus," Francis já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ẹ ò tíì jọba. Kódà ẹ ò tíì wọ lísítì. Ẹ lọ bá ọmọ yín."

Lazarus tẹ̀ lé e. Ìníọlá ti ìlẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ sọ fún wọn pé ìwé ò tíì dé."

"Ṣé orúkọ Prince ò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n sọ ẹni tó jẹ́?"

"Wọ́n sọ ọ́."

"Láìsí iyèméjì?"

"Láìsí iyèméjì. Ṣùgbọ́n, Dádì, Prince kì í ṣe—"

"Prince kì í ṣe ẹrú! Mo ti mọ̀. Kí ló tún kù?"

"Dádì, ẹ gbọ́ mi ná!"

Lazarus fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìníọlá mi. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú yé mi. O ò fẹ́ kí n fi yín sílẹ̀ níbí. Má sunkún. Wàá máa wá kí mi láàfin."

Ojú ọmọ náà kún fún omi lóòótọ́. Ó la ẹnu, àmọ́ ohùn Ọ̀tún ni ó bú jáde láti pálọ̀: "Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà! Iná ìjọba kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbí o! Fóònù mi ti fẹ́ kú! Ṣé ìwé wà, àbí kò sí?"

"Ó wà, Bàbá!" Lazarus já ìwé náà gbà. Ìníọlá di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó fà á yọ, ó ti dé pálọ̀.

Kò kà á fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kà á fúnra rẹ̀, bóyá ì bá ráyè pa ìwé náà dé, kó wúkọ́, kó ní ojú ń dun òun. Ṣùgbọ́n ó wo Francis, ó sì rí adùn mìíràn: kí ẹnu ọ̀tá gan-an ló kéde òun. Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ níbi tí ìka Ìníọlá ti wà.

"Francis, ìwọ ló ní kò sí adé nílé wa. Kà á fún wọn. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àlàyé Prince."

Francis fi gíláàsì sójú. Ó kà á sínú. Ètè rẹ̀ dúró. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè wo Ìníọlá tó fara ti ìlẹ̀kùn, ó wo Àrìnkẹ́, ó wo Lazarus, tó ti na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dé ládé. Kò sí ẹ̀rín lójú Francis. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó já Lazarus láyà.

"Bọ̀dá mi," ni ó sọ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n kà á?"

"Kà á."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sí ọjọ́ mìíràn."

"Háà! Ẹ gbọ́ o, Bàbá! Ẹ̀rù ti ń bà á!"

"Oyèkúnlé," ni Ọ̀tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń já lórí fóònù, "kà á bó ṣe wà níbẹ̀, má yọ, má fi kún un. Kà á ní Yorùbá, gbogbo wa kọ́ la gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni Prince?"

Francis bọ́ fìlà, ó gbé e sórí ìtan, ó sì túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

"Prince: ajá dúdú tí ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà ń sìn."