Ibùsùn Inú Ilé Onítáyà

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkọ Aránṣọ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Arìnnàkore ni wọ́n kọ sí iwájú ọkọ̀ náà, òun sì ni gbogbo èèyàn fi ń pe ọkùnrin náà, títí kan àwọn tí kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Tó bá kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé, ó lè tó ọjọ́ mọ́kànlá kó tó dé. Tó bá sì dé, yóò sun oorun ọjọ́ méjì, yóò jẹun, yóò bi àwọn ọmọ léèrè kíláàsì tí wọ́n wà, yóò tún gba ojú ọ̀nà lọ. Ìgbà kan wà tí àbíkẹ́yìn wọn, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlejò kan jókòó sí pálọ̀. Aránṣọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní, kò dá a lójú pé ẹ̀rín ló mú omi náà jáde.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìlérí kan ṣoṣo ni Arìnnàkore ń ṣe fún un: kó jẹ́ kí òun fẹ̀yìn tì, gbogbo ibi tí òun ti dé ni òun yóò mú un dé. Òkè tí kùrukùru máa ń bò láàárọ̀, odò tó fẹ̀ débi pé èèyàn ò ní rí òdìkejì, pápá gbalasa tí kò sí igi kan níbẹ̀ fún ìrìn odidi ọjọ́ kan. Aránṣọ mọ gbogbo wọn lẹ́nu láìfojú rí ọ̀kan. Ìdí maṣíìnì ni òun wà ní tirẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní omidan, ibi tó jìnnà jù tó sì dé rí kò ju ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ láàárọ̀ tó ń padà lọ́sàn-án.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì lóòótọ́, tó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tó lágbára, tó tún ra ilé onítáyà kékeré kan tí píkọ́ọ̀pù náà yóò máa fà lẹ́yìn, Aránṣọ ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́, ó dá aṣọ tí kò tíì rán padà fún àwọn tó ni ín, ó yọ pátákó orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ lò lójú ọ̀nà. Àwọn oníbàárà ń bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ó sì ń dá wọn lóhùn pé ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí orí òun ti ń pé, kí wọ́n jẹ́ kó dàrú díẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn. Wẹ́dà kan wá, ó jó irin tuntun mọ́ abẹ́ píkọ́ọ̀pù kó lè gbé ẹrù tó pọ̀, ó ṣe àgbékà sórí rẹ̀ fún táyà àpọ̀jù méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo, ó sì yẹ ibi tí wọ́n ti ń so ilé onítáyà mọ́ ọn wò lẹ́ẹ̀mẹta. Sólà gorí òrùlé, bàtìrì méjì wọ abẹ́ àga. Táǹkì omi ni Arìnnàkore fúnra rẹ̀ dúró tì. Ó ní ọ̀gangan táyà gan-an ni kí wọ́n gbé e sí, nítorí bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn jù, ilé náà yóò máa ju ìrù lórí eré, yóò sì wọ́ píkọ́ọ̀pù àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ sínú igbó. Kò sí ohun tí kò rò tán. Ó ṣe ibi tí ọbẹ yóò wà, ó ṣe ibi tí ìṣáná yóò wà, ó na rọ́bà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn ife má baà máa lu ara wọn. Kápẹ́ńtà tó ń ṣe inú ilé náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí, ní òun ò tíì rí ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan bíi ti bàbá yìí rí. Bàbá gbọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan kiri àgbàlá ara rẹ̀ bí ọ̀gá ológun.

Ó ní kí ìyàwó òun má tíì yọjú wo inú rẹ̀, òun fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu. Aránṣọ gbà bẹ́ẹ̀. Láti ojú fèrèsé ló ti ń gbọ́ ìró òòlù àti ayùn, inú rẹ̀ sì ń dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ìyá àgbà máa dùn lọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ọkọ rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní iṣẹ́ ti kàn án. Kọ́tìnnì ló kù, àti aṣọ tí wọn yóò fi bo fóòmù ibùsùn. Kó mú téèpù rẹ̀ kó máa bọ̀.

Aránṣọ wọlé, ẹnu rẹ̀ ò sì padé. Pákó tí wọ́n fá tó ń dán, síńkì tí kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ, sítóòfù olójú méjì tó ń wọ inú dúróọ̀. Lápá ọ̀tún ni kọ́bọ́ọ̀dù gìrìwò kan wà láti ilẹ̀ dé òkè, níbi tí ọkọ rẹ̀ to irinṣẹ́ sí, sípánà kéékèèké lókè, àwọn ńlá àti jáàkì nísàlẹ̀. Ó ń yin ọkùnrin náà láti inú, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lóde. Ó wọn fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ibùsùn, ó na téèpù láti ara ògiri dé etí pákó. Íńṣì méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ó tún un wọ̀n, téèpù ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó ti ń wọn ìbàdí èèyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìbàdí méjì kò lè gba orí íńṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó fa pákó abẹ́ ibùsùn wò bóyá apá kan ń jáde. Kò jáde. Ó wo òkè bóyá ibùsùn mìíràn wà níbẹ̀, ó wo tábìlì bóyá òun ló ń di ibùsùn kejì, ṣùgbọ́n tábìlì náà kò ju ibi tí ẹni kan lè gbé abọ́ kan lé. Ó yọ orí sóde, ó bi ọkọ rẹ̀ pé ibùsùn dà.

"Òun náà nìyẹn lápá òsì. Ṣé o ò rí i ni?"

Ó ní òun rí i.

Kápẹ́ńtà nìkan ló kíyè sí i pé ohùn ìyá náà ti yí padà. Bí Arìnnàkore ṣe kọjá sọ́dọ̀ wẹ́dà, kápẹ́ńtà sún mọ́ Aránṣọ, ó rọra bi í bóyá nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó. Aránṣọ ní kó sọ fún òun, ta ló fún un ní ìwọ̀n ibùsùn yẹn? Ó ní bàbá ni, pé ibùsùn nìkan ni kò tilẹ̀ wọ̀n, ńṣe ló kàn sọ ọ́ láti orí. Ó wá fi ọwọ́ họ ẹ̀yìn etí.

"Màmá, ẹ má bínú o. Èmi rò pé bàbá nìkan ló ń lọ ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Aránṣọ fi rán aṣọ náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà dùn ún wọra. Ìbá sàn fún un tó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èèyàn níbi ti ronú kàn án ná, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó rántí ìṣáná, tó rántí rọ́bà tí ife ò fi ní lu ara wọn, ó wá gbàgbé odidi ìyàwó. Ó ń tẹ maṣíìnì, ó ń sunkún, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kí omi má baà bọ́ sórí iṣẹ́. Ó ro ti ṣọ́ọ̀bù tó ti fi sílẹ̀. Ó wá pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin náà kò bá fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣe, òun ò ní bá a lọ síbì kankan. Kó máa dá lọ, ó ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé iṣẹ́ náà wọ inú ilé onítáyà, ó sì tẹ́ ẹ. Aṣọ fóòmù tóóró kan, ìrọ̀rí kan ṣoṣo láàárín, aṣọ ìbora kan tí kò lè bo ju èjìká ẹni kan lọ. Ó rán etí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ tí ojú ò lè rí àléébù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ rẹ̀.

Arìnnàkore wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní ọwọ́ ìyàwó òun ò tíì yẹ̀ rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí kọ́tìnnì yóò ṣe bá a mu. Ojú rẹ̀ wá dúró lórí ìrọ̀rí.

"Ìrọ̀rí kan?"

"Ohun tí mo wọ̀n ni mo rán."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ibùsùn, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé náà. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní ibùsùn ẹ̀yìn àga dẹ́rẹ́bà nínú ọkọ̀ òun àtijọ́ ni ìwọ̀n yẹn, ibẹ̀ ni òun ti sùn jù láyé òun, kápẹ́ńtà béèrè, ẹnu òun sì sọ ọ́ kí òun tó mọ̀. Ó ní òun lè gbé ibùsùn kejì sókè lọ́la, kí wọ́n ṣe àkàsọ̀ sí i.

Aránṣọ ní òun ò gun àkàsọ̀ lọ sùn lọ́jọ́ orí òun. Ohun tó fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì bi í lójúkojú.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín lọ, àbí ìlérí lẹ kàn fẹ́ mú ṣẹ?"

Ọkùnrin náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ kó o bá mi lọ. Àmọ́ mi ò mọ bí èèyàn méjì ṣe ń rìnrìn àjò. Nínú ilé yìí gan-an, tí mo bá dé, etí ibùsùn ni mo máa ń sùn sí, kí n má baà dí ẹ lọ́wọ́. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbélé láìsí èmi níbẹ̀."

Aránṣọ ò rí ìyẹn já ní koro, òótọ́ ni. Ta ló kó aṣọ ọkùnrin náà sínú báàgì lọ sí yàrá ẹ̀yìn lọ́dún tí kọ́bọ́ọ̀dù kún? Ta ló ń sùn gbalaja sí àárín ibùsùn, tí kì í sún bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru? Ó ti ń pè é ní ẹni tí kò sí nílé láti ìgbà pípẹ́, òun náà ò sì fi àyè sílẹ̀ fún un nígbà tó bá wà. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, kò sí ẹni tó lè kọ ìwọ̀n sínú ìwé kó sì ní kí wọ́n fi gé aṣọ. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí wọ́n na téèpù sí i lára. Ó yọrí sóde, ó pe kápẹ́ńtà. Ó ní kó tú ibùsùn yẹn, kó tú kọ́bọ́ọ̀dù irinṣẹ́ náà pẹ̀lú, irinṣẹ́ yóò lọ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Kápẹ́ńtà wo ojú Arìnnàkore. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin náà, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sípánà òun, dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣófo, Aránṣọ bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sórí pákó, ó ní kí ọkọ òun wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọ̀sán gangan ni o. Kápẹ́ńtà fẹ́ yọ́ jáde, Aránṣọ ní ibo ló ń lọ, kó mú pẹ́ńsùlù rẹ̀ kó wá fa ìlà. Wẹ́dà yọjú lójú fèrèsé, ó rí àgbà méjì tó na tàntàn sílẹ̀, orí rẹ̀ sì pòórá kíákíá.

Arìnnàkore dùbúlẹ̀. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó sì fi àlàfo tí ọmọdé kan lè sùn sí sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Kápẹ́ńtà wọ̀n wọ́n, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wọ̀n wọ́n, ó wá mi orí.

"Bẹ́ ẹ ṣe sùn yìí, ó ti di íńṣì mẹ́rìnléláàádọ́ta. Tó bá ti kọjá méjìdínláàádọ́ta, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Àfi kí ẹ sún mọ́ra."

Aránṣọ ò mira. Ó tẹjú mọ́ òkè. Ó lè sún, kí ló máa ná an? Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó nílò sísún nínú ilé wọn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun ló ń sún un. Ó fi eléyìí sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Arìnnàkore sún. Díẹ̀ báyìí ni. Kápẹ́ńtà ní ó ku íńṣì mẹ́rin. Ó tún sún, èjìká rẹ̀ kan ti ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lórí àyà, ó wá ọwọ́ Aránṣọ kàn. Aránṣọ dì í mú.

Kápẹ́ńtà ní ó ti tó, ó sì fa ìlà láti ọwọ́ orí dé ọ̀gangan ẹsẹ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó parí, ó ní wọ́n lè dìde. Aránṣọ ní kó máa lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀ ná, kó sì bá àwọn pa ilẹ̀kùn dé.