Bútà Lóko Àgbàdo

Ó di ọjọ́ kọkàndínlógún tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà, ẹ̀kán kan kò tún kán. Láàárọ̀, eruku. Lọ́sàn-án, oòrùn tí ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Mo ti dúró ní Àráfà rí nígbà tí mo lọ ṣe Hájì, mo mọ oòrùn aṣálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló wà lóko mi yìí.

Ojúkòkòrò ló kó bá mi. Mo fẹ́ jẹ àgbàdo tuntun ṣáájú gbogbo abúlé. Irúgbìn funfun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí à ń so kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, mo já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo gbìn ín tán. Àgbà kì í gbin irúgbìn tán lẹ́ẹ̀kan. Èmi gbìn ín. Bí èyí bá kú, irú rẹ̀ parun nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ṣú dùdù lápá Lágelú. Mo to garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo jókòó, mò ń wo mànàmáná. Òjò náà bá yà lọ. Rùqáyyàh, ọmọ-ọmọ mi, pè mí láti Alákíà.

"Ìyá àgbà, òjò ti wọlé wa o. Omi là ń gbọ́n."

"Ẹ máa gbọ́n ọn," ni mo wí, mo pa fóònù.

Mo dìde, eegun ìdí mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo mú bútà tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, nítorí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kì í fi omi ṣòfò. Mo gba ọ̀nà odò lọ.

Mùjíbátù, ìyàwó tí ọkọ wa fẹ́ lé mi, bá mi níbi tí mo ti ń da omi sídìí àgbàdo.

"Ìyáálé, ẹ ń ṣe àlùwàlá fún àgbàdo ni?"

"Kó lè kírun sí mi lára bí mo bá kú."

"Ṣebí àná lẹ ní ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí nílẹ̀."

"Ìdí mi ló wúwo, kò tíì kú. Gbé garawa."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé e. Nígbà tó yá, ó ní, "Odò yìí kò lè tó gbogbo ebè. Ẹ mú èyí tí ẹ máa gbà là." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo mú ogójì ebè tó sún mọ́ odò, mo kẹ̀yìn sí ìyókù.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá la fi pọnmi, lẹ́yìn ìrun Àsùbá àti Alásárì. Ojoojúmọ́ ni òjò ń ṣú lọ́ọ̀ọ́kán. N kò dúró wò ó mọ́. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ebè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló yè. Nígbà tí àgbàdo náà yọmọ, àwọn ọmọ ilé wa bẹ̀ mí kí n sun ọ̀kan péré. Mo ní kí wọ́n lọ ra tiwọn lọ́jà Ṣáṣá, sókè ààrò ni tèmi ń lọ.