Ẹnikẹ́ni Má Bẹ Àlàájì

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ríbi wọ̀. Ti ògiri yàrá Tàíbátù ti kọjá ọ̀rọ̀ aláǹgbá. Ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú ògiri náà dé ọrùn ọwọ́. Bó bá sì fojú sí i, ó ń rí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà, ó ń mọ bóyá onítọ̀hún fá irùngbọ̀n láàárọ̀ tàbí kò fá a.

"Ṣebí ooru ló ń mú yín tẹ́lẹ̀?" Gàníyù ló wí bẹ́ẹ̀, ẹni tí onílé fi ṣọ́ ilé, tó ní kí gbogbo ayálégbé máa pe òun ní Mánéjà. "Afẹ́fẹ́ wá dé, ẹ tún ń ráhùn. Èèyàn dúdú!"

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni ilé ọ̀hún, ní Ajah, lórí àbàtà tí ẹbí onílé, Àlàájì Kàsímù, kó yanrìn dí. Ìgbà náà ni àwọn katakata ń la títì ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí katakata kan bá ti kọjá, gbogbo òkè ilé á gbọ̀n, àwọn ife orí tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Aránṣọ ni Tàíbátù. Òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Sìmbíátù, ló ń gbé lókè. Màmá ti ṣubú létí kànga, egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, kò sì lè dá ìṣísẹ̀ kan gbé mọ́. Bí ilé bá wó, gbogbo ayálégbé lè sá. Màmá nìkan ni yóò dúró gbà á.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Tàíbátù ń tọrọ. Páálọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n tì pa látọjọ́ tó ti pẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun máa sùn síbẹ̀ títí bírikìlà á fi tún òkè ṣe.

"Àga Àlàájì ló wà níbẹ̀," ni Gàníyù wí.

"Ta ló ń jókòó lé e?"

"Ṣé dandan ni kí wọ́n jókòó lé àga kó tó jẹ́ àga?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di báyìí, gbogbo ayálégbé kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá Àlàájì nílé tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Tàíbátù sọ ti ògiri. Yẹ̀kínì, awakọ̀ tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà, sọ ti àtẹ̀gùn tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ dú. Àlàájì gbọ́, ó gbọ́, ó wá dìde fùú.

"Ilé tèmi ni yóò wó? Ilé tí èmi Kàsímù kọ́? Ó dáa! Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, èmi àti gbogbo ẹbí mi ń bọ̀ lókè ilé yẹn. Ibẹ̀ la ó ti jẹun, ibẹ̀ la ó ti jó! Bí kò bá wó, ìwọ aránṣọ yìí, kó ẹrù rẹ àti ìyá rẹ, kí ẹ máa lọ."

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, Yẹ̀kínì ń mi orí. "Àǹtí Tàíbátù, ẹ ti fẹnu kó bá wa. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ ta ni?" Tàíbátù dúró sáàárín ọ̀nà. "Ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn! Ṣé o rí àgbàlagbà tó bá bọ́ agbádá, tó ń pariwo pé 'ẹ fi mí sílẹ̀'? Ṣé ẹnì kankan ti dì í mú nígbà náà ni? Ó ń wá ẹni tó máa dì í mú ni! Bí a bá bẹ̀ ẹ́ báyìí, á ní òun ti gbà. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sì ti gba ìpẹ̀ lé lórí, ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ hú u jáde. Ògiri á wá máa ya lọ. Rárá o. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnikẹ́ni má kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀. Ẹnikẹ́ni má ní 'ẹ fọwọ́ wọ́nú'."

"Orúnkún tèmi ò gbọ́ràn o. Bó bá ti rí Àlàájì, ó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

"Jókòó lé e, nígbà náà."

Ni ọjọ́ Jímọ̀ bá dé. Tàíbátù fẹ́ pọn ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn èèyàn náà tó dé, Màmá ta kú.

"Kí o gbé mi síbo? Sẹ́bàá ọ̀nà? Kí ẹni tó fẹ́ ra tòmátì máa bi mí ní iye tí mo jẹ́? Fi mí sílẹ̀ sínú yàrá mi."

Kò pẹ́ tí Àlàájì fi yọ, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀, èrò tó tẹ̀ lé e pọ̀ bí eṣú. Àbúrò wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àwọn tí kì í jẹ́ kí ìrẹsì ọ̀fẹ́ kọjá wọn náà wà níbẹ̀. Géńdé méjì gbé ìkòkò ìrẹsì. Gàníyù ló ń la ọ̀nà níwájú.

Àlàájì dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. "Ẹ yà fún mi! Mò ń gòkè!"

Kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà.

Ó ká apá agbádá. Ó tún un ká. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró o!"

Àwọn ayálégbé ń wo òfuurufú bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Yẹ̀kínì jókòó lórí garawa tó dojú dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. Àlàájì ṣí fìlà, ó gbé e fún Gàníyù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìpẹ̀ ò dé. Ni ó bá gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn.

Àfi bí katakata kan ṣe kọjá lójú títì. Ilé gbọ̀n. Erùpẹ̀ já bọ́ látòkè, ó kún orí Àlàájì. Lókè lọ́hùn-ún, Màmá wúkọ́.

Ikọ́ yẹn bọ́ sí Tàíbátù nínú bí omi tútù. Bí gbogbo èrò yìí bá gòkè, tòun ti ìkòkò ìrẹsì, orí ìyá òun ni gbogbo rẹ̀ yóò já lé. Ìpinnu wo ló tún kù? Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀bẹ̀? Kí Àlàájì ṣáà padà lọ sílé. Kí ó lé àwọn jáde lọ́la bó bá wù ú. Orúnkún Tàíbátù kan kanlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Ojú Àlàájì là kedere; ó tilẹ̀ ti na ọwọ́ jáde bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, ẹ má bẹ̀ mí mọ́, mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ ló ń rí ẹsẹ̀ èèyàn dáadáa. Tàíbátù rí ẹsẹ̀ àwọn ẹbí. Gbogbo rẹ̀ ń rìn sẹ́yìn! Ìkòkò ìrẹsì ti wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e sì ti dé ẹnu géètì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gòkè. Ẹsẹ̀ Àlàájì nìkan ló wà lórí àtẹ̀gùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti gbókè bí ẹni tó fẹ́ sá.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu Tàíbátù ṣe yí padà nìyẹn.

"Ẹ káàbọ̀, Àlàájì," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú ẹsẹ̀. Òkè ti ń retí yín, sà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́. Àlàájì bojú wẹ̀yìn. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ." Olúkúlùkù ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Gàníyù, ṣáájú."

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ń so okùn bàtà.

"Okùn wo ló wà lára sálúbàtà? Mo ní ṣáájú! Ṣebí ìwọ lo ní ilé yìí yóò gbẹ̀yìn ọmọọmọ mi?"

"Àlàájì, ẹ dákun." Ẹkún ti gbọ̀nà ẹnu Gàníyù jáde. "Yanrìn etí òkun la fi po sìmẹ́ǹtì yẹn. Bírikìlà sọ pé iyọ̀ inú rẹ̀ yóò jẹ irin."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, sà. Ẹ ní kí n pa ẹnu mi dé, kí iṣẹ́ lè yá."

 Àlàájì fẹ́ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, àfi bí ẹni pé ẹrẹ̀ ló dì í mú. Nígbà tí yóò fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ṣí páálọ̀. Kí wọ́n gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀."

"Àlàájì, páálọ̀ yẹn..."

"Mo ní ṣí i!"

Tàíbátù fò dìde, ó fẹ́ sáré gòkè. Ohùn kan sán látòkè bí àrá.

"Tàíbátù! Má tẹ àtẹ̀gùn yẹn! Kàsímù dà?"

Kò sẹ́ni tó ń pe Àlàájì ní Kàsímù gbalaja bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ajah. Ṣùgbọ́n Màmá ti bá ìyá rẹ̀ jókòó ta ẹja pọ̀.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo ní ibí le. Ìwọ ni kí o wá gbé mi."

"Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́," Tàíbátù ń pariwo, "ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ jẹ́ kí n wá!" Òun tó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀bẹ̀ ló wá ń bẹ̀bẹ̀ yìí.

"Bí o bá gbẹ́sẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kàn mí."

Àlàájì bọ́ agbádá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò retí ẹni tó máa di òun mú. Ó bọ́ bàtà, ó ń yọ́ gun òkè bí olè tó wá ja ilé ara rẹ̀. Ó wọ yàrá. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Tàíbátù di ọwọ́ ara rẹ̀ mú títí èékánná fi wọ ẹran.

Nígbà tó pẹ́, ẹsẹ̀ Àlàájì yọ. Ó ti pọn Màmá, ó fi ìró ìyá náà gbà á mọ́ra, òógùn ń já bọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀. Màmá ló ń darí rẹ̀.

"Rọra. Apá òsì. Má tẹ ibẹ̀, ibẹ̀ ti sán."

Wọ́n dé ìdajì àtẹ̀gùn ni ariwo katakata tún bẹ̀rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àtẹ̀gùn ké. Àlàájì dúró gbagidi, ojú rẹ̀ yọ bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Yẹ̀kínì fò sókè lórí garawa, ó sáré já sójú títì, ó nà gbalaja síwájú katakata. Ó dọ̀bálẹ̀ fún irin! Ẹni tó wà á tẹ bíréèkì, èébú ń já lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo náà dákẹ́. Àlàájì gbé ẹsẹ̀. Ó tún ọ̀kan gbé. Ó kanlẹ̀.

Tàíbátù gba ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e wọ páálọ̀ tó ti ń tọrọ látọjọ́ yìí, ó gbé e lé àga ńlá. Eruku sọ gbùù. Ó fẹ́ dúpẹ́. Ni Màmá bá nawọ́ síwájú.

"Kí nìyẹn?"

Òpó àárín páálọ̀ ni, èyí tó gbé gbogbo òkè dúró. Ó ti là láti òkè délẹ̀. Irin inú rẹ̀ hàn síta, ó pọ́n, ó ti dípẹtà, ó rí bí egungun ẹja gbígbẹ. Ìdí tí Gàníyù fi tì í pa nìyí! Ibi tí Tàíbátù ń fi ojoojúmọ́ bẹ̀bẹ̀ fún, ibẹ̀ gan-an ni ikú tẹ́ ẹní sí.

Àlàájì náà rí i. Ó wo òpó, ó wo Gàníyù, kò sì rí èébú kankan bú. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá.

"Ìyá, ẹ tún gun ẹ̀yìn mi. Gbogbo yín, ẹ jáde! Ẹ kó ọmọ yín, ẹ jáde!"

Báyìí ni wọ́n ṣe gba àárín Ajah kọjá, Àlàájì níwájú pẹ̀lú arúgbó lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ayálégbé ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ àti ìkòkò ìrẹsì. Tàíbátù gbá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú látẹ̀yìn, kò jẹ́ tú u sílẹ̀. Bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ilé Àlàájì, ìyàwó rẹ̀ àgbà jáde, ó fojú kà wọ́n títí, ó káwọ́ lérí.

"Àlàájì, kí lèyí? Títí dìgbà wo?"

Àlàájì wo Tàíbátù. Tàíbátù ń wò ó padà, kò kúnlẹ̀, kò sì gbójú sílẹ̀.

"Títí bírikìlà á fi wó ilé yẹn, tí á tún un kọ́," ni Àlàájì wí, bó ti ń mí hẹlẹ. "Tẹ́ ẹní. Tẹ́ púpọ̀."