Bọ́ọ̀lù Tó Tọ́ sí Eligio

“Ta ló pe bọ́ọ̀lù yẹn? Mo ní ta ló pè é!”

Don Nandito, ọ̀gá ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù wọn, ta bẹ́ǹṣì nípàá débi pé ike omi fò ṣubú. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó jókòó síbẹ̀ ló ń wo bàtà ara wọn.

“Èmi ni,” Eligio Peguero dáhùn. Ó ń tú ààbò ojúgun rẹ̀. Òun ni ahánbọ́ọ̀lù wọn, òun ló ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tó ń fìka sọ ibi tí Dawry, ajubọ́ọ̀lù wọn, yóò jù ú sí. “Mo ní kí Dawry jù ú sún mọ́ àyà ọkùnrin wọn tó gbé igi. Ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.”

“Àyà dà? Àgbọ̀n ọmọ ọlọ́mọ ló fọ́! Ìràwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n gbé jáde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ yẹn! Ṣé o gbọ́ bí pápá ṣe dákẹ́? Àwọn ará Azua tó gbà wá lálejò yìí kì í dákẹ́. Tí Azua bá dákẹ́, kí àlejò máa wá ọ̀nà ilé.”

Òfin ọ̀hún kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹ ju bọ́ọ̀lù lu tiwa, a ó ju bọ́ọ̀lù lu tiyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù jáde ni yóò jẹ ẹ́. Eligio ló kàn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ohùn Don Nandito wálẹ̀. “Àbí kí n fi Wascar dípò ẹ?”

Wascar, tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, gbójú sókè bí ewúrẹ́ tó gbọ́ pé wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ.

Eligio fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ awọ ibẹ̀, láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ti bà á ní Monterrey. Gbogbo ayé ló mọ̀ nípa irin yẹn. Ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn tó ti ilẹ̀kùn ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀: “Ọ̀gbẹ́ni Peguero, tí òmíràn bá tún bà yín níbẹ̀, ojú yẹn lọ nìyẹn.”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ, bàbá,” ó ní. “Mi ò lè fi ìyà tó tọ́ sí mi ṣe Wascar lálejò.”

Ó dé àṣíborí, ó gbé igi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Lórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, Leudy Asencio, ajubọ́ọ̀lù Azua, ló dúró síbẹ̀.

Ìkà èèyàn ì bá sàn! Ìkà mọ ibi tó ń sọ nǹkan sí. Á fi lù ọ́ níhà, wàá pòṣé, ó parí. Ṣùgbọ́n Leudy! Ọdún méjì ni Eligio fi hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ó mọ apá yẹn ju ìyá tó bí i lọ. Bí ẹ̀rù bá ti wọ Leudy lára, òkè ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà. Oògùn kan ṣoṣo ló wà fún un nígbà náà: kí Eligio gbá itan òsì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó pariwo pé, “Má wojú mi! Ibi tí mo gbá ni kó o wò!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o,” ahánbọ́ọ̀lù Azua sọ látìsàlẹ̀. “Ọ̀gá wa ní tí Leudy ò bá dá a padà, kó kó ẹrù ẹ̀.”

“Ó ń gbọ̀n,” Eligio ní.

“Mo rí i. Ẹ yáa gbàdúrà.”

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń nu ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kùn bí agbọ́n kọjá lókè àṣíborí Eligio. Kó tó mọ̀, ó ti wà nílẹ̀, erùpẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Azua bú sẹ́rìn-ín.

“Dìde, bàbá àgbà! Ṣé ibi tó o máa ń sùn sí nìyẹn?”

Ó dìde. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Wascar á jáde. Wascar kò sì mọ apá yẹn.

Ó wo Leudy. Òógùn bo ọmọ náà, ojú rẹ̀ ràn kalẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Eligio ló sì tẹjú mọ́. Ibi tí ẹ̀rù ń bà á láti lù gan-an ló ń wò. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa lọ.

Eligio yọ ọwọ́ òsì kúrò lára igi. Ó gbá itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pá, pá.

“Má wojú mi,” ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Leudy kò lè gbọ́ ọ láti ọ̀hún.

Ojú ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ síbi itan náà. Èjìká rẹ̀ rọ̀.

Leudy gbẹ́sẹ̀ sókè láti jù ú. Eligio di igi mú, kò mira, bọ́ọ̀lù náà sì dé, gbòà, síbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí itan.