Ẹja Onígbòkun Tí Mo Gbá Nígi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ọmọ mi tó sọ ọ́ bí kò ṣe rí.

Àbíkẹ́yìn mi ni. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èrò etíkun ń pè é, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé yìí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń pẹja tà. Ọkọ̀ funfun kan báyìí ni, ó ń dán bí eyín àtọwọ́dá, àwọn àlejò tó wá yá oòrùn létí òkun ló máa ń háyà rẹ̀ láti fi ẹja pípa ṣeré. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ṣeré. Wọ́n á fi ìwọ̀ kọ́ ẹja, wọ́n á bá a wọ̀yá ìjà títí apá wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì dá a padà sínú omi.

Èmi tí mo ti ń yan ẹja láti ìgbà tí ọmú mi ṣì ń wo òkè, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Kò tún yé mi.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọjọ́ eré fún Jẹ́jẹ́. Kápútẹ́nì wọn ti fẹ̀yìn tì. Màdámù tó ni ọkọ̀ wá sọ fún ọmọ mi pé òun á fún un ní ọkọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn, òun á sì jókòó tì í wò. Bí ìrìn náà bá dáa, ó di kápútẹ́nì. Bí kò bá dáa, wọn á mú ẹlòmíì wá láti ibòmíì, Jẹ́jẹ́ á sì máa so ìjẹ mọ́ ìwọ̀ lọ títí irun rẹ̀ á fi funfun. Láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n ló ti ń so ìjẹ.

Kí ni tèmi níbẹ̀? Obìnrin tó máa ń ṣe oúnjẹ nínú ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ rọ́, mo sì wà nílé ọmọ mi, mo wá kí wọn. Jẹ́jẹ́ ní kí n bá wọn lọ.

"Màmá, búrẹ́dì àti ẹyin lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe nǹkan mìíràn."

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ilé ìdáná ọkọ̀ náà kò ju àpótí aṣọ lọ. Bí mo bá ṣẹ́rí wo ẹyin, ìdí mi á ti pa sítóòfù. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé.

"Túnà, a máa ń pa á jẹ. Kúta kékeré náà, a máa ń pa á jẹ. Kúta ńlá, a máa ń dá a padà, torí ó lè ní májèlé lára. Ẹja onígbòkun, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó, tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dìde bí ìgbòkun ọkọ̀, ìyẹn la kì í pa rárá."

"Kí ló ṣe é? Òun náà ní májèlé?"

"Kò ní."

"Ó korò?"

"Kò korò, Màmá."

"Ẹ wá ń dá a padà nítorí kí ni?"

"Kí ẹlòmíì lè rí i mú."

"Kí ẹlòmíì yẹn wá jẹ ẹ́?"

"Rárá. Kóun náà dá a padà."

Mo fìdí lé orí kúlà. Orí mi ń pòòyì bíi ti ẹni tó mu sìgá àkọ́mu.

Àlejò ọjọ́ náà jẹ́ oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà gbàràmù. Ọdọọdún ló ń wá, kò sì tíì mú ẹja onígbòkun rí. Ó sọ fún mi bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì pé ẹyọ kan péré lòun ń fẹ́ kóun tó kú. Mo ní kí Ọlọ́run fún un. Mi ò sọ fún un pé bí mo bá fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, tí mo rí i, ẹ ò ní rí mi kí n tún jù ú nù.

Kúta kékeré ló kọ́kọ́ mú. Màdámù fúnra rẹ̀ ló fà á wọlé, ẹja náà sì ń ta kiri, ó ń wá ẹsẹ̀ ẹni tó máa gé jẹ. Igi kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e, mo sọ ọ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sinmi.

Màdámù wò mí láti inú dígí dúdú tó wà lójú rẹ̀. "Màmá, ọwọ́ yín yá o."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti gbé igi náà sílẹ̀. Ìyìn yẹn ló kó bá mi.

Kò pẹ́ tí okùn oníṣègùn eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, tí ẹ̀rọ tí wọ́n ká a sí ń han bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nǹkan kan fò jáde lókèèrè, ó gùn ju ọkọ mi tó ti kú lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń fà, ó ń tú, ó ń fà, omijé ń jáde lójú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wà lókè níbi ìdarí, ó ń yí ọkọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ kí okùn má baà bọ́ sábẹ́. Mo rí Màdámù tó ń mirí pé ó dáa.

Nígbà tó yá, ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Màdámù wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ̀ba, ó di ẹnu ṣóńṣó náà mú. Oníṣègùn eyín ń wá fóònù rẹ̀ nínú àpò tí kò sí níbẹ̀. Ẹja náà sì ta lójijì, ẹnu tó dà bí abẹ́rẹ́ ìránpò yẹn kọjá níwájú ikùn Màdámù, ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Mo sọ igi lé e lórí.

Àwọ̀ aró náà ṣí kúrò lára ẹja bí ẹni fa aṣọ lé e lórí, ó di àwọ̀ eérú.

"Màmá," Jẹ́jẹ́ wí láti òkè. Ìyẹn nìkan.

"Ṣé ó ti kú?" Oníṣègùn eyín jókòó sórí ilẹ̀.

Mo wo ojú Màdámù. "Ẹ forí jì mí. Ṣé kì í ṣe ẹja ni?"

"Ẹ sùn sílẹ̀ níbí."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n bẹ òun, mo kúnlẹ̀. Ó ní rárá, kí n fi ikùn lélẹ̀, kí n na ọwọ́ sínú omi. Ó fi ìbọ̀wọ́ sí mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ gbá a, ẹ̀yin lẹ máa jí i." Ó wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ kí òkun má baà gbé mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun á kọ́kọ́ wá àwọn tó máa bá a gbé mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni kan á di ẹnu ẹja mú, ọkọ̀ á máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi á máa gba ẹnu wọlé, á máa gba ibi tó fi ń mí jáde. Bí ọkọ̀ bá yára, apá mi á já. Bó bá dúró, ẹja á kú.

"Màmá, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀," Jẹ́jẹ́ ké.

"Mò ń gbé e."

"Kí omi lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Omi ti wọ èmi gan-an lẹ́nu."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò bẹ ẹja rí pé kó dìde. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́, arákùnrin, bóo bá jẹ́ obìnrin kóo má bínú, ọmọ mi ló wà lókè yẹn. Bóo bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìjẹ ló máa máa so." Ẹja náà ń fi ojú rẹ̀ tó tóbi bí ìdérí ìgò wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń rí mi.

Ìgbì kan dé, ó bò mí lójú. Mo gbọ́ tí nǹkan gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ mi ti ṣófo.

"Ó lọ," oníṣègùn eyín wí. "Mo rí ìrù rẹ̀ tó fì."

"Ìrù rẹ̀ ni àbí òjìji ọkọ̀?" Màdámù ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi. "Lójú tèmi, ó rì. Màmá, ẹ̀yin lẹ dì í mú. Ṣé ó já gbà ni, àbí ẹ jù ú sílẹ̀?"

Mo rò ó títí. "Èyí tó bá wà lórí àtẹ ni mo mọ̀. Èyí tó bá ti lọ, mi ò bá a pàdé rí."

Ló bá gbójú sókè. "Jẹ́jẹ́, ìwọ tóo wà lókè ńkọ́?"

Mo fi ojú bẹ ọmọ náà. Kó ṣáà sọ pé ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, kí gbogbo wa máa relé.

"Mi ò rí i, Mà. Iwájú ni mò ń wò. Ìgbì yẹn ń bọ̀, Màmá mi sì wà lẹ́yìn."

Ǹ bá ti sọ igi lé òun náà lórí. Màdámù dìde lórí ẹsẹ̀ mi, a sì padà sí èbúté.

Oníṣègùn eyín kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá òun lè sọ fún ìyàwó òun pé òun mú ẹja onígbòkun. Mo ní kó sọ ọ́. Bí ìyàwó ò bá gbà, kó wá bi mí, èmi náà ò mọ̀.

Fífọ ọkọ̀ ló kù. Iṣẹ́ ẹni tó ń so ìjẹ ni, Jẹ́jẹ́ ló sì ti ń ṣe é látọjọ́ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú korobá. Màdámù gba korobá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì. Ó kó méjèèjì fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́ lónìí, Màmá. Kápútẹ́nì kì í fọ ọkọ̀."

Ó kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lọ. Ìyà ni mo rò pé ó fi jẹ mí, mo ti ń fọ̀ ọ́ tìbínútìbínú kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí létí. Mo gbójú sókè. Jẹ́jẹ́ dúró gbagidi, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó fi wọ́n sápò, ó yọ wọ́n, ó tún fi wọ́n sápò.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "ṣé ẹja yẹn lúwẹ̀ẹ́ lọ ni, àbí ó rì?"

Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."